Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olórí ẹgbẹ́ ayàwòrán ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìrìnàjò Olúmirin ṣeé yẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń tukọ̀ ẹgbẹ́, a kí yín kú iṣẹ́, a kí yín kú àmójútó wa.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò lọ ya òṣòòrò omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló gbé wa wá. A ò ní kí ẹ fagi lé e. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ yí bí a ṣe ń dá ọjọ́ rẹ̀ padà, kí ẹ sì yí bí a ṣe ń san owó rẹ̀ padà. Bí ìjì bá ti wó igi sójú ọ̀nà òkè, tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ, owó tí a ti san tán ló máa ń ti ènìyàn gun ibi tí kò yẹ kó gùn. Bọ́ọ̀sì ti gba owó rẹ̀ pé, ilé ìtura ti gba tirẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ti gbé iṣẹ́ òde fún ẹlòmíràn nítorí ọjọ́ yẹn. Ta ni yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní kí gbogbo wọn padà sílé? Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á ní ojo ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ wò ná. Ọdún Àjíǹde àti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni ọ̀rọ̀ ìrìnàjò máa ń já sí, nítorí ìsinmi wà. Bẹ́ẹ̀ àwọn àsìkò méjèèjì yìí ló burú jù. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó ń pọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún ń pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó wá ń ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Òjò tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú oṣù keje kọ́ ló ń wó igi. Òjò àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò ni. Nígbà wọ̀nyẹn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti apá Sàhárà ṣì wà lókè, afẹ́fẹ́ olómi láti òkun wà nísàlẹ̀. Bí òjò bá ń já bọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti gbẹ kó tó délẹ̀, gbígbẹ rẹ̀ á mú afẹ́fẹ́ tutù, èyí tó tutù á wúwo, á já lulẹ̀, á sì tàn káàkiri pẹ̀lú agbára. Òun ni atẹ́gùn tútù tó ń ṣáájú òjò, tó ń ṣí páànù, tó ń fa igi tu.

Ní àsìkò Àjíǹde, ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílẹ̀, omi orí òkè ṣì tín-ín-rín, ìjì sì wà ní kíkan rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ sanwó ọkọ̀ lọ bá ewu, ohun tí ẹ fẹ́ yà kò tíì sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, omi kún dáadáa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mu omi fún oṣù púpọ̀, gbòǹgbò kò rí ohun gidi dì mú mọ́. Atẹ́gùn tí igi náà ì bá fi ṣeré ní oṣù kejì á gbé e ṣubú. Àsìkò tí a fọwọ́ sí ni láti àárín oṣù kọkànlá sí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kejìlá. Omi ṣì wà, ìjì ti rọlẹ̀, eruku ọyẹ́ kò tíì bo ojú ọ̀run pátápátá. A mọ̀ pé òde pọ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká lo ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ní òde lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, èrò kì í sì í kún ìdí omi bíi ti ọjọ́ ọdún, tí ènìyàn á máa dúró de aláṣọ pupa kan kó tó kúrò nínú àwòrán rẹ̀.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tò pẹ̀lú, nítorí òun gan-an ló ń tan àlejò. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè gígùn tó gba Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní Èkìtì kọjá. Ìpele méje ni omi náà fi ń sọ̀kalẹ̀. Ìjì líle ti ilẹ̀ wa níbí, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá, tí í forí lé ìwọ̀-oòrùn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó dúró sí gbangba á ti rí i lókèèrè bí ojú ọ̀run ṣe ń ṣú, á ti sáré ká aṣọ lórí okùn. Ní ìdí Olúmirin, òkè ló dí ìlà-oòrùn yẹn. Kí ẹ tó rí ìkúukùu náà, ó ti dé orí yín.

Ohun kejì ni pé òjò lè máa rọ̀ lórí òkè kó má kán sí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lára. Omi rẹ̀ á wá dé lójijì. Kí ẹ tó tú kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ yan òkúta kan nínú omi tí orí rẹ̀ gbẹ, kí ẹ fi ẹnì kan ṣọ́ ọ, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí orí òkúta yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, bí omi tó mọ́ bá ń di aláwọ̀ tíì, bí ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ bá ń bá a bọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń ki bí ìgbà tí típà ń da òkúta sílẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà nìkan, ẹ fi tírípọ́dù, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró, sílẹ̀, kí ẹ gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ má sáré tẹ̀lé ojú omi lọ sísàlẹ̀. Omi tó ń ṣàn kíkan, bí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó lè gba ẹsẹ̀ mọ́ àgbàlagbà nídìí; sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Kí dẹ́rẹ́bà náà mọ ìyẹn, nítorí afárá kékeré lójú ọ̀nà lè ti wó lábẹ́ omi tó dà bí ẹni pé kò jìn.

Òkè tó dí ìlà-oòrùn yìí ní oore tirẹ̀. Oòrùn àárọ̀ máa ń pẹ́ kó tó yọ síbẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, kò ní sí funfun tó ń gún ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji dúdú. Ìjì náà sì sábà máa ń jà lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́. Ìdí méjì nìyí tó fi yẹ kí ẹ ti wà nídìí omi ní aago méje àárọ̀, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, ì báà jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́ kedere. Bọ́ọ̀sì tó bá kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago mẹ́fà, tó gba Òṣogbo àti Iléṣà, tí èrò rẹ̀ sì sọ̀ jẹun lọ́nà, kò lè bá ìmọ́lẹ̀ yẹn. Kí ẹ sùn sí Iléṣà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Bí ìjì bá ti jà, igi tó wó dábùú àtẹ̀gùn ni gbogbo ènìyàn ń rí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló léwu jù. Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè. Ẹ̀ka tó ṣẹ́ tó ṣì há sórí igi mìíràn lè já lọ́jọ́ kẹta láìsí atẹ́gùn kankan, nígbà tí ewé rẹ̀ bá gbẹ tí ohun tó dì í mú bá tú. A kì í tò sábẹ́ irú rẹ̀ láti dúró de ẹni tó ń ya àwòrán níwájú. Igi tó dùbúlẹ̀ tí àárín rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, agbára wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi àdá sá a láti ṣí ọ̀nà, á ta padà, ó sì lè kán an lẹ́sẹ̀. Gbòǹgbò ńlá tó tu sókè pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ lè padà ṣubú sínú ihò bí wọ́n bá gé ìtì rẹ̀ kúrò. A bẹ̀ yín, ẹ fi iṣẹ́ igi sílẹ̀ fún agégi. Bí ẹ bá sì pàdé wáyà iná tó já sílẹ̀ láàárín ìlú, ẹ gbà pé iná wà nínú rẹ̀, kí ẹ jìnnà sí i tó mítà 10, pàápàá tí ilẹ̀ bá tutù.

Àtẹ̀gùn kọnkéré ni a bẹ̀rù jù. Ọ̀gbàrá á kó iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà, bí eyín tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ẹ fi igi kàn án gbọ̀ngbọ̀n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún bí ìkòkò òfìfo, ihò wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má gùn ún. Irin ìdìmú, ẹ mì í kí ẹ tó gbára lé e. Àpáta àwọn òkè yẹn jẹ́ irú tó máa ń là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn ọ̀gbàrá, òkúta tó gbé ènìyàn láná lè yí lónìí. Ibi tí omi ń fọ́n sí a máa yọ̀ bí ilá. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín jíjìn ni kí ẹ wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ sílípáàsì wá. Pàǹtí tí omi kó jọ, ẹ má fi ọwọ́ tì í, torí ejò àti àkekèé a máa forí pamọ́ síbẹ̀. Okùn mítà 30 dára fún ìdìmú níbi tó bá gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má so ó mọ́ ẹnikẹ́ni nídìí láti fi la omi kọjá. Bí ẹsẹ̀ onítọ̀hún bá yẹ̀, okùn yẹn gan-an ni yóò dè é mọ́ abẹ́ omi.

Bí àwọn kan bá ń rò pé a ti ń ṣe àṣejù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì Helene ja àwọn òkè North Carolina, níbi tí òṣòòrò omi pọ̀ sí, tí àwọn ayàwòrán ń rọ́ lọ ní ìgbà tí ewé ń pa àwọ̀ dà. Òpópónà Blue Ridge Parkway, tó gùn tó 469 máìlì, wọ́n tì í pátápátá nítorí igi tó wó àti òkè tó ya lulẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i, apá kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n ní ẹ̀rọ, wọ́n ní òṣìṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ní kí àlejò dúró.

Nítorí náà, ní ọjọ́ mẹ́ta kí ìrìnàjò tó yá, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, kí ẹ sì pe ẹni tó ń gbé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi í pé ṣé ọ̀nà dára, nítorí á ní ó dára. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú rẹ̀ kì í lé àlejò. Ẹ bi í pé ta ló gun ìpele kejì lónìí. Ẹ bi í bóyá bọ́ọ̀sì ń dé ẹnu ọ̀nà tàbí ọ̀kadà nìkan. Ẹ bi í àwọ̀ omi. Kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ kó fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú kan láti orí àtẹ̀gùn dé ìdí omi, kí ẹ sì fi owó dátà àti owó wàhálà rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ìjì ńlá bá jà láàárín ọjọ́ yẹn, a dá a lábàá pé kí ọjọ́ méjì gbáko kọjá láìsí òjò, kí ẹnì kan láti ìlú sì ti rìn ín kọjá, kí ẹ tó gbéra.

Fún ẹni tó ti mọ fótò òde yà dunjú, omi ẹ̀yìn ìjì á ṣe é ní kàyéfì. Ó pupa, ó ń ru, ó ń fọ́n. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí à ń ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀, tó ń sọ omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn di òwú, bí ẹ bá lò ó fún omi tó kún, gbogbo rẹ̀ á di ìṣù funfun kan tí kò ní ojú tí kò ní imú. Láti 1/8 dé 1/2 ìṣẹ́jú-àáyá ló tọ́ sí i. Bí kámẹ́rà yín láìsí fílítà (gíláàsì tí à ń fi bo ojú lẹ́ńsì) bá gba 1/30 ìṣẹ́jú-àáyá ní f/11 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó) àti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), ND 3-stop, ìyẹn fílítà dúdú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á gbé e dé nǹkan bí 1/4, ND 6-stop á gbé e dé ìṣẹ́jú-àáyá 2. Ẹ mú 3-stop lọ́wọ́ lẹ́yìn ìjì. Ti oṣù tí omi rọlẹ̀ ni 6-stop. Polarizer, fílítà tó ń pa dídán, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, kí ẹ máa yí i títí dídán ojú àpáta á fi kúrò tí àpáta náà á fi dúdú. Òun fúnra rẹ̀ á jẹ ìmọ́lẹ̀ tó 1 sí 2 stop. Ẹ wo histogram, àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú àwòrán hàn, nítorí ìfófòó omi ló kọ́kọ́ ń jóná nínú àwòrán. Ẹ ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀. Àwọ̀ omi náà, ẹ má fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́ di funfun. Bó ṣe pupa lọ́jọ́ náà ni kó pupa.

Atẹ́gùn omi tó ń já yẹn a máa gbọn tírípọ́dù. Ẹ má fa ọ̀pá àárín rẹ̀ sókè. Bí ẹ bá so báàgì mọ́ ọn kó lè dúró, kí ìdí báàgì kan ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fì, á sì ba àwòrán jẹ́. Ẹ fi fìlà bo ojú lẹ́ńsì títí ẹ ó fi tẹ kámẹ́rà sí ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí ẹ tó ṣí i. Aṣọ ìnulẹ́ńsì mẹ́ta ni kí ẹ mú: ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún ìnùgbẹ, ẹ̀kẹta nínú náílọ̀n kó má tutù. Inú bọ́ọ̀sì tí AC tutù nínú rẹ̀, ẹ má ṣí báàgì kámẹ́rà ní kété tí ẹ bá sọ̀. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 30, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́ńsì á là óògùn.

Bí kámẹ́rà bá sì bọ́ sómi, ẹ má tan án láti dán an wò. Ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ mẹ́mórì káàdì, ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ nù ún, kí ẹ kó o sínú ike olómọrí pẹ̀lú silica gel (hóró wẹ́wẹ́ tó ń fa omi) tó pọ̀ fún wákàtí 48, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ má rì í mọ́ inú ìrẹsì tàbí gàrí. Ìyẹ̀fun wọn á wọ ibi tí omi kò dé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá gan-an, nítorí kámẹ́rà tó bọ́ sómi lọ́jọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń retí láti fi ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Oúnjẹ ilé ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Ọjọ́ méjì ni kí ẹ kéde lẹ́ẹ̀kan náà, kí èkejì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn àkọ́kọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ má gba òde sí ọjọ́ méjèèjì. Kí àsansílẹ̀ dẹ́rẹ́bà má ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọkọ̀ lọ, kí ó wà nínú ìwé pé bí a bá sọ fún un kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tó lù, àsansílẹ̀ yẹn á sún sí ọjọ́ kejì, kì í ṣe pé ó sọnù. Kí ọmọ ẹgbẹ́ san ìdajì nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí ó san ìdajì tó kù nígbà tí fídíò láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà bá dé. Kí èrò má ju 12 lọ, nítorí ibi tí tírípọ́dù lè dúró sí láìdí ara wọn lójú kò pọ̀.

Kí ẹni mẹ́ta máa pinnu bóyá a ó lọ: olórí ìrìnàjò, ẹnì kan tó mọ òkè, àti ẹnì kan tí kò bá wọn lọ. Ẹni kẹta yìí ṣe kókó lójú wa. Kò ní ìtara àwòrán lọ́kàn, kò ra fílítà tuntun, kò sí ohun tó ń fà á. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti sọ pé rárá, ó parí. Kí ẹ má gbé e fún ìdìbò, torí èrò bọ́ọ̀sì tó ti múra tán yóò dìbò fún lílọ ní gbogbo ìgbà.

Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ má sáré yà sí òṣòòrò omi Àrinta ní Ìpólé-Ìlórò ní Èkìtì. Kò jìnnà sí Olúmirin, ìjì tó ja ìkan ṣeé ṣe kó ti ja èkejì. Òṣòòrò omi Òwu ní Kwara, tí à ń gba Ìlọrin lọ, wà ní apá mìíràn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi àwọn ará ibẹ̀. Lójú tiwa, apá Ọ̀yọ́ ló dára jù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: àwọn àpáta Ìgbẹ́tì, tàbí Adó-Àwáyè níbi tí adágún Ìyákẹ̀ wà lórí òkè. Òjò líle ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, òkè tó jìnnà á hàn kedere. Kìkì pé orí àpáta gbangba kì í ṣe ibi tí à ń wà bí àrá bá ń sán. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti súnmọ́ tó láti ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn.

Bí ẹ bá fún wa ní wákàtí kan nínú ìpàdé tó ń bọ̀, a ó mú okùn, fílítà àti ẹ̀dà ìwé àdéhùn dẹ́rẹ́bà tí a ti kọ sílẹ̀ wá, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tún ibi tó bá wọ́ ṣe.

Àwa ọmọ yín, ayàwòrán òkè àti odò, Ògbómọ̀ṣọ́.